Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Òpó Áńtẹ́nà Rédíò Nínú Ọgbà Ilé

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí rédíò amateur pọ̀ ju ohun tí ojú-ìwé yìí lè gbà lọ, nítorí náà a mú márùn-ún tó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú wọn. Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí, rédíò amateur ni èyí tí ẹni tó yege ìdánwò, tí ìjọba sì fún ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè, fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sọ̀rọ̀ láti inú ilé rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 5N ni àmì ìpè ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Òpó tí áńtẹ́nà máa dúró lé ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí dá lé, ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn sì ni, ìdí nìyí tí a fi dáhùn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ní bí n kò bá ri òpó onírin tó ga tó mítà 18, ohùn mi kò ní kọjá Ọ̀yọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?
*Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, Ìbàdàn*

Ẹ kú oríire o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti owó yín sínú òpó gíga ní ọdún àkọ́kọ́ yìí. Gíga áńtẹ́nà ní ìfiwéra pẹ̀lú gígùn ìgbì tí ẹ ń lò ló ṣe pàtàkì. Lórí 14 MHz, ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n ìgbì tí rédíò amateur ń lò, ìgbì kan gùn tó nǹkan bíi mítà 21. Bí áńtẹ́nà bá ti ga tó ìdajì rẹ̀, ìyẹn mítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀, agbára púpọ̀ nínú ohun tí rédíò yín ń jù jáde á máa gba ẹ̀bá ojú ọ̀run lọ, ọ̀nà yẹn ló sì ń mú un dé Yúróòpù àti Bràsíìlì nígbà tí ojú ọ̀run bá gbà. Òkè òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wáyà kọ́pà lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi iye MHz tí ẹ fẹ́ lò pín 143, ohun tó bá jáde ni gígùn wáyà náà ní mítà. Fún 14.2 MHz, ó jẹ́ mítà 10.07, ẹ gé e sí méjì ọgbọọgba, kí kébù wọ ọ́ láàárín. Ẹ jẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ lè máa dín in kù títí yóò fi bá ẹ̀rọ yín mu, nítorí wáyà tó bá ti kúrú jù ni ẹ óò tún lọ rà. Ẹ gbé àárín rẹ̀ sórí páìpù kan tí ẹ dè mọ́ ògiri ilé, kí etí méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Etí wọ̀nyí ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni agbára iná ti ń ga jù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ó sì lè jó ọwọ́ ọmọdé tó bá dì í mú. Kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ilẹ̀ ju mítà 3 lọ.

Bó bá sì jẹ́ Kàdúná tàbí Ẹnúgu ni ẹ fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, òpó gíga tilẹ̀ lè pa yín lára. Lórí 7 MHz, wáyà tó gùn tó mítà 20, tí kò ga ju mítà 5 sí 8 lọ, á ju ìgbì rẹ̀ lọ́ọ́kán sókè, ìgbì náà á sì rọ̀ padà sórí àwọn ìlú tó yí wa ká.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mi ò ní fi sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé páìpù kankan dúró, ẹ jáde síta kí ẹ wo wáyà iná ọba. Wáyà háí-tẹ́ńṣọ̀n tó gba ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn kọjá, tí ó ń gbé 11,000 tàbí 33,000 volt, kò ní rọ́bà lára, ibòmíràn sì wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bákónì. Ẹ ṣírò rẹ̀ pé òpó náà wó sí apá ibi gbogbo, pẹ̀lú áńtẹ́nà lórí rẹ̀: kí ó ṣẹ́kù mítà 3 ó kéré tán láàárín orí rẹ̀ àti wáyà iná tó sún mọ́ ọn jù. Bí àyè yẹn kò bá sí, kí ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ gé òpó kúrú. Bí iná ti lọ láàárọ̀ kò túmọ̀ sí pé wáyà náà kò lè pa ènìyàn, nítorí a kì í mọ ìṣẹ́jú tí wọn yóò mú un dé.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Wẹ́dà ni mí. Oníbàárà kan ní kí n ṣe òpó mítà 15 sí ọgbà òun, púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 sì ni ilẹ̀ náà. Báwo ni mo ṣe lè pín wáyà tó máa fà á dúró, báwo sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí?
*Wẹ́dà kan, Òṣogbo*

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gé irin, nítorí ilẹ̀ ló ń sọ bí òpó ṣe lè ga tó, oníbàárà kọ́. Ohun tí àwọn tó ń ṣe òpó ń tẹ̀ lé ni pé kí ibi tí wáyà ìfà ti wọ ilẹ̀ jìnnà sí ìdí òpó tó ìdá 60 sí 80 nínú 100 gíga rẹ̀, kí àwọn wáyà náà sì gba ọ̀nà mẹ́ta tó jìnnà síra lọ́gbọọgba. Òpó mítà 15 nílò mítà 9 sí 12 nígbà náà. Ẹsẹ̀ bàtà 50 sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 péré. Bí ẹ bá ri òpó sí àárín ìbú ilẹ̀, tí wáyà kan gba gígùn ilẹ̀ lọ, tí méjì yòókù sì ya sí ọ̀tún àti òsì, àwọn méjèèjì á ti kan ògiri ọgbà kí wọ́n tó jìnnà ju mítà 8 ààbọ̀ lọ sí ìdí òpó. Òpó mítà 12 ni ilẹ̀ yẹn lè gbà, kì í ṣe 15, ó sì yẹ kí ẹ sọ fún oníbàárà yín kó tó san owó irin.

Ẹ má ṣe gbà bí ó bá ní kí ẹ so wáyà mọ́ ògiri ọgbà láti fi wá àyè kún un. Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì mẹ́fà kò ṣe é fà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìjì bá dé, òpó á wó, ògiri á sì wó tẹ̀ lé e. Inú ilẹ̀ ni kí ìdákọ̀ró wáyà wà, nínú kọnkéré tirẹ̀.

Ní ti wáyà náà, okùn irin líle tó nípọn tó mìlímítà 5, tí a fi síǹkì bò, ni kí ẹ lò, kí ó wà ní ipele méjì: ọ̀kan ní ìdajì òpó, èkejì nítòsí òkè. Okùn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà dára fún fífa garawa omi, ṣùgbọ́n oòrùn wa á ti jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí po. Níbi tí wáyà bá ti ṣẹ́ padà sórí ara rẹ̀, ẹ fi kílíìpù mẹ́ta dè é, kí ẹ sì wo bí kílíìpù kọ̀ọ̀kan ṣe jókòó: kí gàárì rẹ̀ wà lára apá gígùn tó ń ru ẹrù, kí bọ́ọ̀tì oní-U wà lára apá kúkúrú tó ṣẹ́ padà. Bí ẹ bá yí i padà, bọ́ọ̀tì á tẹ apá tó ń ru ẹrù mọ́lẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ di aláìlágbára, ojú kò sì ní rí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ lọ wáyà le tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó lè já a. Fún okùn irin tó lè ru 1,800 kìlógíráàmù kó tó já, 180 tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bó bá ṣe le sí ló ṣe dára sí, ṣùgbọ́n gbogbo ìfà yẹn ló ń tẹ òpó mọ́lẹ̀ láti òkè, òpó tí wọ́n bá sì tẹ̀ jù á ká láàárín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, kí ẹ gba wáyà tín-ín-rín kan nínú ihò irin onísúkúrúù tí ẹ fi lọ ọ́ le, kí ẹ dè é pa, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń mì ín lójoojúmọ́ á máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kí injiníà tó mọ ilẹ̀ àdúgbò yín bá yín ṣírò bí ihò ṣe máa fẹ̀ tó, tí yóò sì jìn tó, nítorí ilẹ̀ àbàtà kò rí bí ilẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́ ti wẹ́dà. Páìpù ni ẹsẹ̀ òpó, ihò wà nínú rẹ̀, òjò á sì máa rọ̀ wọ inú rẹ̀ láti òkè. Bí ẹ bá rì í sínú kọnkéré tí ìdí rẹ̀ dí pa, omi á dúró síbẹ̀, irin á máa jẹrà láti inú, ọ̀dà ìta á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò, kí ẹsẹ̀ páìpù wọ inú òkúta náà, kí omi lè rí ọ̀nà bá lọ, kí ẹ tó da kọnkéré yí i ká. Ẹ jẹ́ kí ojú kọnkéré yọ sókè ilẹ̀ díẹ̀, kó dà bí orí òkè, kí omi má dúró nídìí irin. Kọnkéré ń gba ọjọ́ 28 kó tó gbó dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà kánjú yín.

Bí ẹ bá fẹ́ jó irin tí wọ́n ti fi síǹkì bò, ẹ ha síǹkì náà kúrò níbi tí iná máa dé, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níta gbangba. Èéfín funfun tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń fa ibà tí àwọn wẹ́dà máa ń ní lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà oní-síǹkì kun ojú ibi tí ẹ jó, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà máa gbà wọlé.

Bàálé mi fẹ́ ri òpó áńtẹ́nà sẹ́yìn yàrá àwọn ọmọ wa. Àwọn aládùúgbò ní òpó náà á máa pe ààrá wá sílé, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí ni kí n sọ fún un?
*Abilékọ kan, Abẹ́òkúta*

Ẹ kú àníyàn ilé, Mà. Ẹ̀rù yín nídìí. Ohun tó bá ga jù ní àdúgbò ni mànàmáná sábà máa ń bá, yálà òpó ni, yálà igi àgbọn, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè rì mọ́lẹ̀ tí yóò ní kó má bá a. Ohun tó wà lọ́wọ́ bàálé yín ni láti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un kó lè gba ìta wọ ilẹ̀, kó má gba inú ilé. Iná tó wà nínú ààrá kan lè tó 30,000 ampere, gbogbo irin tó bá sì rí lójú ọ̀nà ló máa gbà, títí kan kébù rédíò àti wáyà iná tó wà nínú ògiri yàrá àwọn ọmọ.

Kí ẹ ní kó ri irin ẹ́ẹ̀tì sí ìdí òpó, ó kéré tán ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gígùn ìkọ̀ọ̀kan tó mítà 2.4. Kí ó so wọ́n mọ́ òpó pẹ̀lú kọ́pà pẹlẹbẹ tó fẹ̀, tó sì lọ tààrà, nítorí ààrá kì í tẹ̀ lé wáyà tó bá ṣẹ́ kọ́rọ́; ó máa ń fò jáde níbi ìṣẹ́po náà ni. Kí kọ́pà má ṣe kan irin oní-síǹkì ní tààrà, nítorí bí òjò bá ti ń rọ̀ sí wọn lára, síǹkì á máa jẹ dànù. Kí ó fi irin tí kì í dípẹtà sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ẹ̀tì òpó àti ẹ́ẹ̀tì iná ilé yín di ọ̀kan ṣoṣo. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀, tí wọ́n rò pé bí wọ́n bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ilé máa bọ́. Òdìkejì ni: bí ààrá bá gbé ẹ́ẹ̀tì kan sókè tí èkejì wà nílẹ̀, inú rédíò àti inú ilé ni iná á gbà láti fi dọ́gba.

Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta, ó sì ṣeé ṣe kí irin mítà 2.4 má wọlẹ̀ tán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má gé irin náà kù. Kí ó gbẹ́ yàrà tó jìn tó orúnkún, kí ó na kọ́pà pẹlẹbẹ sínú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìdí òpó. Iyọ̀ tí àwọn oníná wa máa ń dà sí ìdí ẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà òjò á gbé e lọ, á sì ti jẹ irin kó tó lọ. Ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ọyẹ́ kì í gba iná dáadáa, ṣùgbọ́n ààrá tó máa ń bú nígbà òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta, kí ilẹ̀ tó mu omi yó, ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ múra sílẹ̀.

Ní tiyín, ẹ kọ́ gbogbo ará ilé bí a ti ń yọ kébù áńtẹ́nà kúrò lára rédíò, kí ẹ sì máa gbé ẹnu rẹ̀ síta. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú ni kí ẹ yọ ọ́. Bí mànàmáná bá ti kọ, tí ẹ kò tíì ka 30 kí ààrá tó sán, ó ti sún mọ́ tó kìlómítà mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan kébù náà mọ́. Kí bàálé yín sì wá ibòmíràn fún òpó bí àyè bá wà, torí kì í ṣe ààrá nìkan ló lè mú un wó. Ẹ̀yìn yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí kò yẹ ẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ri òpó mi, n kò sì tíì gùn ún láti ọjọ́ náà. Láìpẹ́ yìí, bí òjò bá ti rọ̀, rédíò mi kì í gbọ́ràn mọ́, á tún dára bí oòrùn bá ràn. Kí ló ń ṣe é?
*Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́, Orílẹ̀-èdè Benin*

Omi ti wọ inú kébù yín. Ibi tí kébù ti so mọ́ áńtẹ́nà lókè ló máa ń gbà wọlé, nígbà tí rọ́bà tí wọ́n fi wé e bá ti sán nínú oòrùn. Bí ẹ bá gé ẹnu kébù náà, tí ẹ rí i pé wáyà wẹ́wẹ́ tó yí inú rẹ̀ ká ti dúdú dípò kó máa dán, ẹ máa gé e títí ẹ ó fi débi tó mọ́. Bí kò bá mọ́ títí tó fi gùn ju ìwọ̀n apá yín lọ, ẹ ra òmíràn. Ẹ wé ẹnu tuntun náà pẹ̀lú rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí ipele òkè lè bo ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tún fi téèpù dúdú bò ó nítorí oòrùn. Níbi tí kébù bá sì ti fẹ́ wọlé, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ ojú fèrèsé, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níta.

Afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti òkun kì í jìnnà sí Àjàṣẹ́, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí ẹ yẹ òpó yín wò, kí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò gba gígùn: ẹ fi ọwọ́ mì wáyà ìfà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìdí ìdákọ̀ró níbi tí irin ti wọ ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni ó ń jẹrà jù, kí ẹ sì fi okùn ìwọ̀n bíríkìlà wò ó bóyá òpó ṣì gún. Ẹ fi awò ìwòjìnnà wo òkè bóyá agbọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀. Ẹni tí agbọ́n bá ta lórí òpó kì í rántí ibi tó fẹsẹ̀ lé.

Gígùn náà ni ọ̀rọ̀ tó ń bà mí nínú jẹ́, nítorí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń san owó péréte fún láti gun òpó onírin láìsí ohunkóhun lára wọn. Ẹlẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìyẹ igbà rẹ̀ wò, ìgbẹ́kẹ̀lé ẹni tó ń gun òpó sì gbọ́dọ̀ wà lára ìgbàdí ààbò tó gba èjìká àti itan, tó ní okùn méjì, kí ọ̀kan máa wà lára òpó nígbà tí ó bá ń ṣí èkejì. Kí ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí. Kí ẹ pa rédíò, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kí irin má tutù, kí afẹ́fẹ́ má fẹ́. Bí wáyà ìfà kan bá sì nílò pàṣípààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi okùn irin mìíràn dè é sí ibi kan náà kí ẹ tó tú ti àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lórí òpó nígbà tí wáyà rẹ̀ bá wà ní títú. Bí ẹ bá sì rí i láti ìsàlẹ̀ pé ìpẹtà ti jẹ òpó náà lu, ẹ má gùn ún mọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ agbẹ́rù sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ láti òkèèrè o. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa níbí ní n kò gbọ́dọ̀ ri òpó kankan. Mo gbọ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ gbèjà àwa oní-rédíò. Ṣé mo lè fi bá wọn jà? Àti pé, bí mo bá padà kọ́ ilé sí Èkó, àṣẹ wo ni mo nílò?
*Òǹkàwé kan, Houston, Amẹ́ríkà*

Òfin tí ẹ gbọ́ ni PRB-1, tí FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó rédíò, ṣe ní ọdún 1985. Ó pa á láṣẹ fún ìjọba ìlú àti ti ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fi àyè tó bójú mu gba áńtẹ́nà rédíò amateur, ṣùgbọ́n kò kan àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ra ilé. Ìṣòro Houston sì nìyẹn, nítorí ìlú náà kò ní òfin tó ń pín ilẹ̀ sí ti ìgbé àti ti òwò bí àwọn ìlú ńlá yòókù, àdéhùn inú ìwé ilé ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà fínnífínní, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè àyè fún wáyà tín-ín-rín kan ṣáájú òpó. Wáyà tó wà nínú àjà ilé pàápàá ń ṣiṣẹ́ bí òrùlé kò bá jẹ́ páànù.

Ní Èkó, LASIMRA ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó òpó àti másìtì, ọ̀dọ̀ wọn sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bí ilẹ̀ yín bá wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, bí Ìkẹjà, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa gíga òpó náà.

Bí wọ́n bá wá gbà fún yín ní Houston, òpó tó ṣeé fà sókè, tó ṣeé rọ̀ sílẹ̀, ni mo máa yàn nítorí ìjì líle tó ń ti òkun wọ ìlú yín, irú èyí tí Beryl jà ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí ìjì tó dé, kí ẹ má sì gùn ún rárá nígbà tó bá wà ní fífà sókè, nítorí bí okùn irin tó gbé e dúró bá já, àwọn ìpele rẹ̀ á rọ́ wọ inú ara wọn, wọ́n á sì gé ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Okùn yẹn ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kété tí fọ́nrán irin kan bá ti já lára rẹ̀.